Ìka Mẹ́rin

Òwúrọ̀ Àlàmísì, mo tẹ orúkọ mi, ilẹ̀kùn ò ṣí.
Mo tún un tẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kó àwòrán aṣọ síbẹ̀:
àlàárì tí ìyá mi hun kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì,
sányán kan tó kọ̀ láti tà títí ó fi kú,
àti ohùn rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀,
níbi tó ti ń bá mi jà pé mo ń fa òwú le jù.
Ẹgbẹ̀rún méjì oníbàárà, láti Jẹ́bà dé Jídà,
gbogbo wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí n kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn.
Ó ní mo ṣẹ̀ sí òfin. Mo ní, òfin wo?
Ó ní kí n lọ ka òfin.

Bàbá àgbà ní Pàkátà máa ń sọ pé ayálégbé kì í gbin ọsàn.
Èmi ti gbin odidi oko sí ẹ̀yìnkùlé onílé.

Núhù ló wá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń tún fóònù ṣe ní Ìta-Àmọ̀dù,
tí ìka rẹ̀ máa ń rùn bí òjé yíyọ́.
Ó gbé nǹkan kékeré kan lọ́wọ́, kò tó páálí ṣúgà;
ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìyá mi,
ó so ó mọ́ bátìrì tí oòrùn ń bọ́.
Ó ní, "Àǹtí Sáfúrà, ilé yín rèé."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ta ni yóò wá kí mi nínú páálí ṣúgà?

Kò dáhùn. Ó nawọ́ sí àwọn òfì tó wà lágbàlá.
"Ẹ̀yin ń hun níbí. Ìyá Músírátù ń hun ní Òkèlele.
Ọkùnrin Ọ̀fà yẹn ń hun tirẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà réluwé.
Ta ni ọ̀gá yín?"
Mo ní a ò ní ọ̀gá.
"Báwo wá ni ọ̀já aṣọ yín ṣe ń bá ara wọn rán?"

Mo na ọwọ́ mi: ìka mẹ́rin.
Ìka mẹ́rin ni ìbú rẹ̀, kí wọ́n tó bí wa ló ti rí bẹ́ẹ̀.
Kò sí ẹni tó ń gbowó lé e lórí.
Hun àwọ̀ tó wù ọ́, ya wàláà sí i, fi í sílẹ̀ ní funfun;
bó bá ti jẹ́ ìka mẹ́rin,
télọ̀ Gàmbàrí á rán an mọ́ ti ẹni tí o kò rí rí,
agbádá kan ni yóò dà.

Núhù ní, "Ó tán. Prótókọ́ọ̀ tí mo ń pariwo rẹ̀ nìyẹn."

Kì í ṣe pé ó dùn bí oyin o.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ènìyàn méje. Méjì nínú wọn, Núhù ni.
Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì kú,
mo ń sáré yá jẹnẹrétọ̀ kiri bí ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná.
Ilé kan sì wà níbì kan tó kún fún eléèébú;
mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, èmi fúnra mi, n kò tọrọ àyè.
Wọ́n ń pariwo níbòmíràn. Mo sùn.

Lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti Òmù-Àrán,
láti inú ilé tí n kò kọ́, tí n kò mọ onílé rẹ̀;
sáfà wọn wà nínú yàrá ìkàwé ilé-ìwé kan.
Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́, Mofẹ́wùmí:
"Ẹ̀gbọ́n, mo tọ́jú àwòrán kan nígbà tí mo ń wá aṣọ ìgbéyàwó.
Àlàárì ni. Ṣé ti ìyá yín kọ́?"

Ti ìyá mi ni. Mo mọ ibi tó ti ṣì í hun, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì.

Ohùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn o.
N kò ní purọ́, ìyẹn ò padà.
Mo jókòó sídìí òfì ní òwúrọ̀ yìí,
mo fi ìka mẹ́rin wọn aṣọ,
mo sì dẹ òwú díẹ̀.